Àwòrán Tí Mo Ṣe Ló Lé Bàbá Ìrágbìjí Kúrò Lóko

Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú bí mo bá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí inú ń bí. Inú ń bí mi lóòótọ́. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mi ò sọ fún ọkọ mi, mi ò sọ fún pásítọ̀ wa. Mo ti pinnu pé inú mi ló máa wà títí wọ́n á fi sin mí.

Lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí ojú ìwé yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá ló yí mi lérò padà. Onítọ̀hún ní olè ni gbogbo àwọn àlejò tó ń dáko lọ́dọ̀ wa lágbègbè Odígbó. Ó ní bí èèyàn bá fún wọn nílẹ̀ díẹ̀, wọ́n á máa jẹ ẹ́ wọ inú igbó lọ lẹ́yìn onílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá rò pé irọ́ lòun ń pa, kó lọ béèrè ọ̀rọ̀ bàbá kan ní Arárọ̀mí-Obu, ẹni tí sátẹ́láìtì ká mọ́ ibi tó ti ń jí igbó ṣán.

Àwọn tó fèsì sí i wá bú bàbá náà bí ẹni pé ó jí ọmọ gbé. Wọ́n ní aláìmoore ni. Wọ́n ní kó máa lọ sílé rẹ̀. Ibi tí mo ti ń ṣe irun ni mo ti kà á lórí fóònù, mo sì dìde lórí àga kí onídìrí tó ṣe é tán.

Sátẹ́láìtì ò ká ẹnikẹ́ni mọ́ ibì kankan. Èmi tí mò ń kọ lẹ́tà yìí ni mo ṣe máàpù tí wọ́n ń sọ. Máàpù náà ò tọ̀nà. Mo sì mọ̀ pé kò tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́wọ́ irú nǹkan báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi.

Ọmọ Odígbó ni mí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Koko ni wọ́n fi rán mi lọ sí yunifásítì, mo sì kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa ń lò láti ka àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà láti òkè. Èdè náà wọ̀ mí lára. Nígbà tí mo jáde, ilé iṣẹ́ kan gbà mí síṣẹ́ ní Ọ̀rẹ̀ nítorí rẹ̀.

Máàpù oko koko là ń ṣe níbẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ń ra koko ti sọ pé àwọn ò ní rà á mọ́ láti oko tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa igbó run láti fi dá. Torí náà, àwa á lọ sóko, a máa rìn yí i ká, fóònù ọwọ́ wa á sì mú gbogbo igun rẹ̀. Tá a bá padà dé ọ́fíìsì, kọ̀ǹpútà á wo àwòrán oko náà ti àtijọ́, á wo tuntun. Ibi tó bá ti rí i pé igbó ni tẹ́lẹ̀, tí igi ńláńlá ibẹ̀ sì ti dín kù, á kùn ún ní pupa. Pupa yẹn ló ń sọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán igbó níbẹ̀ ni.

Ọ̀gá mi ló mú ètò kọ̀ǹpútà náà wá láti ibi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín. Ètò yẹn ò mọ oko wa rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sínú oko koko lọ́dọ̀ wa mọ̀ pé àwọn bàbá wa kì í gé gbogbo igi. Wọ́n á fi afàrà sílẹ̀, wọ́n á fi àràbà sílẹ̀, kí koko lè rí ibòòji. Sátẹ́láìtì tó wà lókè ò lè rí koko tó wà nísàlẹ̀, orí igi ńlá nìkan ló ń rí. Á ní igbó ni. Bí atẹ́gùn bá wá gbé igi kan ṣubú, tàbí tó ya ẹ̀ka mélòó kan, á ní wọ́n ti ṣán gbogbo igbó ibẹ̀.

Mo ṣàlàyé fún ọ̀gá. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Ọmọ àgbẹ̀, ìwọ náà tún un ṣe nígbà yẹn." Mo tún un ṣe. Inú mi dùn, mo ń yan kiri ọ́fíìsì bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibi tó kàn yìí, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ìlànà mẹ́ta ló wà nínú ètò náà, ọ̀kan ló ń pe èkejì. Èkíní máa ń gba orúkọ oko àti igun rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Á wá pe èkejì, tó máa gé àwòrán oko náà jáde, tó sì máa yọ ìkùukùu kúrò lójú rẹ̀. Èkejì á pe ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹta yìí ni adájọ́. Òun ló máa sọ pé igbó rèé, oko rèé.

Mo fi nǹkan kan kún ẹ̀kẹta, mo sọ ọ́ ní ibòòji. Kì í ṣe dandan. Bí mo bá fi ibòòji ránṣẹ́ sí i, á mọ̀ pé koko ló wà lábẹ́ igi ńlá oko yẹn. Bí mi ò bá fi ránṣẹ́, á dájọ́ bó ṣe ń dá a tẹ́lẹ̀: igi ńlá, igbó ni.

Èkíní ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀kẹta ló nílò ibòòji. Èkejì wà láàárín, kò sì yẹ kó da ara rẹ̀ láàmú láti mọ ohun tó ń jẹ́ ibòòji. Èdè kọ̀ǹpútà yẹn ní ọgbọ́n kan fún irú èyí. Ìlànà tó wà láàárín lè kó gbogbo àfikún tí kò mọ̀ sínú àpò kan, kó sì gbé àpò náà fún ẹni tó kàn láìtú u. Bí ìgbà tí èèyàn bá fi ẹrù rán dẹ́rẹ́bà láti Èkó sí ìyá rẹ̀ ní Arárọ̀mí-Obu ni. Dẹ́rẹ́bà ò ní wo inú rẹ̀. Bó bá dé garéèjì Ọ̀rẹ̀, á gbé e fún ọlọ́kadà, ọlọ́kadà á gbé e délé fún ìyá.

Mo kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà èkejì pé kó gba àpò. Ibi tó ti ń pe ẹ̀kẹta, tó yẹ kí n kọ ọ́ pé kó gbé àpò náà fún un, mi ò kọ ọ́. Mo gbàgbé. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Àpò dé àárín, ó sì parí síbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ò wí nǹkan kan. Ìyẹn ń bí mi nínú títí dòní. Ká ní mo ti sọ pé dandan ni ibòòji, ẹ̀kẹta ì bá kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò rí i gbà, òun ò sì ní ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kì í ṣe dandan. Ìyá tí kò mọ̀ pé ẹrù ń bọ̀ ò ní jókòó dè é, ohun tó wà nílé ló máa sè. Ẹ̀kẹta dá ẹjọ́ tó mọ̀ ọ́n dá, ó kùn ún ní pupa, ó sì fún mi ní máàpù tó mọ́ tó dán. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fọwọ́ sí i.

Oko mọ́kànlélógún la kọ́kọ́ ṣe. Ogún nínú wọn, koko tuntun ni wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ oko àtijọ́, igi ńlá kankan ò sí níbẹ̀. Wọ́n jáde bó ṣe yẹ, ọkàn mi sì balẹ̀ pé ètò náà ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo fi ibòòji ránṣẹ́ fún. Oko Bàbá Ìrágbìjí ni.

Ìlú wọn la fi ń pè wọ́n. Láti Ìrágbìjí ni wọ́n ti wá dáko lọ́dọ̀ wa, àwọn àti ìyàwó wọn, nígbà tí mi ò tíì wọ ilé ìwé. Bàbá bàbá mi ló fún wọn nílẹ̀ ní Arárọ̀mí-Obu. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá, epo, gaàrí, koko, wọn ò pa á jẹ rí. Nígbà tí bàbá bàbá mi darúgbó, wọ́n ní kí Bàbá Ìrágbìjí gbin koko dé etí odò, lábẹ́ àwọn igi ńláńlá tó wà níbẹ̀. Kò sí ìwé. Ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́, níṣojú bàbá mi. Bàbá bàbá mi ti kú, bàbá mi náà ti tẹ̀ lé wọn. Nínú àwọn tó gbọ́ ọ, ó ku Bàbá Ìrágbìjí àti Mọ́mì Ìrágbìjí nìkan.

Máàpù mi kun gbogbo etí odò yẹn ní pupa. Ó ní igbó ni títí di ọdún mẹ́ta ṣáájú.

Ẹ̀dà kan máa ń lọ sọ́wọ́ onílẹ̀. Lẹ́yìn ikú bàbá mi, onílẹ̀ di ẹ̀gbọ́n wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Odígbó. Àwọn ni olórí ẹbí wa. Dádì rí pupa, wọ́n ní ẹ ò rí i bí, Bàbá Ìrágbìjí dúró kí àwọn àgbà kú tán ni wọ́n tó wọ igbó tí ẹnikẹ́ni ò fún wọn. Wọ́n pe ìpàdé ẹbí.

Ẹ̀yin ará ibí, ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é bí ọ̀rọ̀ ààlà bá dé. A kì í jókòó sílé dá a. Onílẹ̀ àti ẹni tó ń dáko á jọ lọ sóko, wọ́n á rìn láti pèrègún kan dé ìkejì, wọ́n á fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbà á máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ẹni tó bá rin etí odò yẹn lọ́jọ́ náà, koko tó nípọn ju itan àgbàlagbà lọ ló máa bá níbẹ̀. Ta ni ò mọ̀ pé koko ọdún mẹ́ta kì í rí bẹ́ẹ̀?

Bàbá Ìrágbìjí kúnlẹ̀ nípàdé, àgbàlagbà bí tiwọn. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ rìn ín. Ẹ jẹ́ ká lọ báyìí. Àràbà kan ṣoṣo ló ṣubú níbẹ̀, atẹ́gùn ló gbé e. Bẹ́ ẹ bá rí koko tuntun kan níbẹ̀, kẹ́ ẹ lé mi."

Dádì gbé máàpù mi sókè. Wọ́n ní, "Kí la tún fẹ́ lọ rìn? Ìwé yìí ti bá wa rìn ín." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ọmọ wa, ìwọ lo ṣe é. Ṣé ẹ̀rọ yín máa ń purọ́ ni?"

Mo gbé káàdì ọ́fíìsì kọ́rùn lọ́jọ́ náà, gbogbo ẹbí ń wò mí. Mo ní, "Rárá, sà. Ẹ̀rọ kì í purọ́."

Mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé àṣìṣe wà nínú ètò náà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ẹ̀ gbè mí. Mo ti jẹ koko létí odò yẹn rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mọ́mì Ìrágbìjí ló máa ń fọ́ ọ fún mi, tí mo máa ń fa omi ara rẹ̀ mu, tí gbogbo aṣọ mi á lẹ̀. Mo rántí rẹ̀ dáadáa nípàdé yẹn. Mo wá sọ fún ara mi pé bóyá apá ibòmíì ni mo ti jẹ ẹ́. Mo gba pupa orí ìwé gbọ́ ju ojú àti ẹnu ara mi lọ. Kí ni wọ́n ń kọ́ wa ní yunifásítì gan-an?

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Dádì fún wọn láti kó. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n lọ. Píkọ́ọ̀pù kan ló kó ẹrù wọn, ìbùsùn, ìkòkò, adìyẹ mélòó kan tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Koko ń pọ́n lórí igi, Dádì ò jẹ́ kí wọ́n ká a. Mọ́mì Ìrágbìjí ká ẹní tí wọ́n fi ń sá koko, wọ́n so ó, wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n wá rí mi. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Ìwọ náà wá dúró síbẹ̀."

Nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lápá Agbabu, níbi tí igi ńlá ti pọ̀ nínú oko. Gbogbo máàpù ń jáde ní pupa. Ọ̀gá ní ó jọ pé àwọn ará Agbabu ti pa igbó run tán. Ara fu mí. Mo mú oko bàbá tó bí mi, tí mo lè ka igi ibẹ̀ lójú dídì, mo fi sínú ètò náà, mo sì fi ibòòji ránṣẹ́. Pupa ló jáde. Mo yọ ibòòji kúrò, mo tún un ṣe. Pupa yẹn náà ni, kò lé, kò dín.

Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Kí n fi ibòòji ránṣẹ́ o, kí n má fi ránṣẹ́ o, ìdájọ́ kan náà ni. Mo ṣí ètò náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè délẹ̀, mo sì débi tí èkejì ti ń pe ẹ̀kẹta. Mo rí i níbẹ̀, ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ kan wà, tí kò sí nǹkan kan.

Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Oko bàbá mi di àwọ̀ ewé. Mo wá mú oko Bàbá Ìrágbìjí, mo fi í sí i. Ó di àwọ̀ ewé látòkè dé etí odò. Ibì kékeré kan ló pupa láàárín, kò ju ibi tí igi kan lè dúró sí lọ. Àràbà tí wọ́n sọ nípàdé ni.

Mo lọ bá ọ̀gá. Ó wò ó, ó ní, "O ṣeun. O ti tún un ṣe. Èyí tó ti lọ ti lọ, jẹ́ ká máa bá iṣẹ́ lọ." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá kan ti pàdánù oko rẹ̀." Ó ní, "Ṣé àwa la lé e? Máàpù làwa ṣe. Ẹbí ẹ ló lé e."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mi ò kọ ọ́. Ọkùnrin yẹn ò láàánú, mo sì máa ń sọ ọ́ nínú ọkàn mi lójoojúmọ́ tí mo bá rí i. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gún mi: ẹbí wa ló lé wọn lóòótọ́. Ṣé ọ̀gá ló dì mí lọ́wọ́ mú pé kí n má lọ bá Dádì ni?

Mo lọ. Mo wọkọ̀ lọ sí Odígbó ní ọjọ́ Sátidé, mo tẹ máàpù tuntun jáde, mo fi í sínú àpò, mo ń to ọ̀rọ̀ lẹ́nu lójú ọ̀nà. Dádì ò jẹ́ kí n sọ ọ́. Bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ kí wọn ni wọ́n ti ní àwọn ti ń retí mi. Wọ́n ní àwọn ti bá àwọn àgbà ẹbí sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ẹbí ni kì í fún ọmọ obìnrin nílẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo gba ilẹ̀ yìí padà fún wa, èmi ló sì máa ni ín. "Oko etí odò Arárọ̀mí di tìẹ láti òní lọ, àti koko orí ẹ̀."

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibẹ̀ kà. Èmi tí mo wá jẹ́wọ́, mo dúpẹ́. Wọ́n gbàdúrà fún mi, mo ṣe àmín. Wọ́n ní kí n jẹun, mo jẹun. Máàpù wà nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo gbé e padà sí Ọ̀rẹ̀ bí mo ṣe gbé e wá.

Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń ká koko Bàbá Ìrágbìjí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ká a. Ọkọ mi ń fi mí yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìyàwó òun lóko. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí ohun tí Olúwa ṣe, mo sì gun orí pẹpẹ lọ jẹ́rìí. Mo ń sọ fún ara mi pé Bàbá ti darúgbó, wọ́n á ti padà sí Ìrágbìjí, inú wọn á ti dùn láàárín àwọn èèyàn wọn. Ẹ wo irú irọ́ tí èèyàn lè pa fún ara rẹ̀. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí mi ò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn.

Wọn ò padà síbì kankan. Ní oṣù tó kọjá, mo lọ ra pákó níbi tí wọ́n ti ń la igi ní Ọ̀rẹ̀. Bàbá Ìrágbìjí ni mo bá lẹ́nu géètì, wọ́n wọ aṣọ ọlọ́dẹ tó tóbi jù wọ́n lọ. Wọ́n ń ṣọ́ pákó. Mo fẹ́ yí padà, wọ́n ti rí mi. Wọ́n dìde dúró fún mi. Èmi tí wọ́n gbé lẹ́yìn rí.

Mo rò pé wọ́n máa ṣépè. Mo tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n ṣẹ́ ẹ, kí ara mi lè fúyẹ́. Bàbá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo ti ń wá bí mo ṣe máa rí ọ. Má bínú sí mi."

Mo ní, "Bàbá, kí lẹ ṣe?"

Wọ́n ní, "Ìwọ lo sọ ọ́ nípàdé pé ẹ̀rọ kì í purọ́. Mo mọ̀ pé o ò ní purọ́ mọ́ mi, mo mọ̀ ọ́ láti kékeré. Mo ti rò ó títí. Ó ní láti jẹ́ pé mo kọjá ààlà tí mi ò mọ̀. Bóyá bàbá bàbá ẹ ò tiẹ̀ sọ ohun tí mo rò pé wọ́n sọ. Orí àgbà ni, ó máa ń dà rú. Ìyàwó mi ò gbà. Ó ní òun mọ ibi tí òun gbin koko sí, a kì í sọ ọ́ nílé mọ́ torí ìjà ló máa ń dà. Ṣùgbọ́n èmi ti gbà. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ Dádì. Mi ò ní kí wọ́n fún mi lóko. Kí wọ́n ṣáà dárí jì mí, kí n má bàa kú sórí orúkọ olè. Ìwọ náà dárí jì mí."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun tí mo fi pamọ́ gan-an ni mo fẹ́ sọ báyìí. Gbogbo ohun tí mo ti sọ látòkè, mo lè ní mo gbàgbé, mo lè ní ẹ̀rù bà mí, mo lè ní Dádì ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Èyí ò ní àwáwí. Géètì ṣí sílẹ̀, ojú mọ́ kedere, kò sí ẹni tó ń gbọ́ wa. Gbólóhùn kan péré ni mo nílò. Mo wo ojú Bàbá Ìrágbìjí, mo ní, "Mo ti dárí jì yín, Bàbá."

Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n súre fún mi, fún ọkọ mi, fún àwọn ọmọ mi. Mo ra pákó mi, mo lọ.

Ìwọ tó kọ lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá sí i, inú ń bí mi sí yín gan-an. Ẹ ò mọ ọkùnrin yìí, ẹ ò dé oko rẹ̀ rí, ẹ rí pupa lórí ìwé, ẹ sọ ọ́ di olè. Ṣùgbọ́n níbo ni mo ti fẹ́ rí ẹnu bá yín wí? Ohun tí mo ṣe nípàdé náà lẹ ṣe. Ẹ̀yin ò sì gba oko rẹ̀, èmi ni mo gbà á. Ẹ̀yin ò gba ohun tí ojú rẹ̀ rí kúrò lọ́kàn rẹ̀, èmi ni.

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni ẹbí wa máa tún pàdé nílé Dádì. Mo ti pinnu pé mo máa sọ ọ́ níbẹ̀, mo sì máa fi oko náà sílẹ̀. Dádì lè ní àwọn ò mọ̀ mí mọ́. Ọ̀gá lè ní kí n máa lọ. Ọkọ mi á bi mí bí mo ṣe sùn tì í fún ọdún méjì láìsọ nǹkan kan. Gbogbo ìyẹn, mo ti ṣe tán láti gbà á.

Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bá Bàbá Ìrágbìjí kí Sátidé tó dé, kí wọ́n má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dé iwájú ibi tí wọ́n ti ń la igi yẹn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà tó wà lórí ojú ìwé yìí, ẹ má sọ fún mi pé kí n lọ gbàdúrà, mo ti gbàdúrà tó. Ẹ má sì sọ fún mi pé kí n tọrọ àforíjì, mo mọ ìyẹn náà. Ohun kan ni mo ń béèrè. Wọ́n máa dìde dúró bí wọ́n bá rí mi. Wọ́n á rò pé mo mú ìdáhùn Dádì wá. Kí ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún ẹni tí mo ti sọ fún pé mo dárí jì í?